Ta Ló Ṣe Ipò Kejì? Akéde Eré Ìje Ni Òpìtàn Àkọ́kọ́

Nígbà tí mo wà ní SS2 ní Ṣàgámù, ọ̀rẹ́ mi kan sá eré igba mítà níbi íńtáháòsì ilé-ìwé wa. Ilé yẹ́lò ló ń sáré fún. Èmi gan-an dúró síbi tí wọ́n fa okùn sí, mo sì fojú ara mi rí i pé òun ló ṣe ipò kejì. Ṣùgbọ́n abẹ́ àgọ́ àwọn àlejò pàtàkì ni tíṣà tó mú máìkì jókòó sí. Oòrùn ń ta sí i lójú, àwọn òbí sì ti dìde dúró níwájú rẹ̀. Ló bá kéde pé ilé gíríìnì ló ṣe ipò kejì, ilé búlúù ló ṣe ipò kẹta. Ariwo ta. Tíṣà tó ń kọ èsì sílẹ̀ kò wo pápá. Ohun tó gbọ́ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló kọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi lọ bá wọn, èsì tí wọ́n fún un ni pé, "A ti kọ ọ́ sílẹ̀." Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé èsì ọdún yẹn lónìí, kò ní bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ìmọ̀ ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ́ wa pé kí á yẹ àkọsílẹ̀ wò dáadáa, kí á bi í léèrè pé ta ló kọ ọ́, níbo ló dúró sí, kí ló rí. Àṣé kí ìwé tó dé, ohùn kan ti wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó mú máìkì níbi eré ìje ni òpìtàn àkọ́kọ́. Ohun tó bá sọ ni èrò ìwòran yóò gbé lọ sílé, òun náà ni akọ̀wé yóò kọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á jọ wo ohun tó ń sọ akéde eré ìje di akéde gidi. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Rẹ́mọ, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ bí a bá ń bá a lọ.

Akígbe àti onílù

Kí máìkì tó dé ilẹ̀ Yorùbá, a ti ní akéde. Akígbe wà ní gbogbo ìlú. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwọn èèyàn ti ti oko dé, á mú agogo rẹ̀, á máa lù ú kiri àdúgbò, á sì jẹ́ iṣẹ́ tí ọba àti àwọn ìjòyè rán an. Iṣẹ́ akígbe ní òfin kan tó le: bí wọ́n bá ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Bó bá ní ọ̀la ni wọn yóò ro ọ̀nà odò, tó sì jẹ́ ọ̀tunla ni wọ́n rán an, gbogbo ìlú ló máa gbé ọkọ́ jáde lásán.

Onílù ní tirẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Níbi ìjàkadì, òun ló ń fi gángan ki àwọn tó wọ agbo. Ó mọ ìdílé oníkálùkù, ó mọ oríkì bàbá rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó pe ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ kan ilẹ̀ kí ó lè tún gbára. Ẹni tó bá ti lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ti rí àwọn méjèèjì níbi kan náà. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun kan bá ti ń wọlé, ẹni tó mú máìkì á sọ ìdílé tí wọ́n ti wá, ìlù á sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n. Eré ìje kọ́ ni wọ́n ń sá níbẹ̀, síbẹ̀ ẹṣin ń jó, eruku ń sọ, èrò sì ń fẹ́ mọ̀ pé ta nìyí, ọmọ ta ni.

Ohun méjì ni a jogún nìyẹn: ẹni tó ń sọ bó ṣe rí, àti ẹni tó ń yin ẹni tó yẹ kí á yìn. Akéde eré ìje ní láti ṣe méjèèjì pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àpótí tí a kò lè dá lóhùn

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò láti Lọ́ńdọ̀nù wọ inú ilé àwọn èèyàn ní Èkó. Àpótí kékeré ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Àwọn Yorùbá wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tó bá a mu: asọ̀rọ̀mágbèsì. Á sọ tirẹ̀, ìwọ kò sì lè dá a lóhùn. Bó bá parọ́ mọ́ ọ, o ò rí ibi tí wàá ti wí tẹnu rẹ.

Ọmọ Rẹ́mọ kan wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù lọ. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí, ní March 6, 1909. Ní ọdún 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira dá rògbòdìyàn sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì bẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀. Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò yẹn kan náà kí òun lè fèsì. Wọn kò fún un. Nígbà tí òfin tuntun sì fún àwọn ẹkùn lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní October 31, 1959, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1960, ìjọba kan náà ṣí Liberty Stadium ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ti fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè báyìí. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti lu Gene Fullmer ní August 10, 1963, nínú ìjà ìgbànú àgbáyé.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn nǹkan méjèèjì ṣe tẹ̀ léra: ẹ̀rọ tí yóò máa gbé ohùn, àti pápá tí ohùn yóò máa ròyìn. Ohun tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ yẹn mọ̀ ni pé bí ẹlòmíràn bá ń sọ ìtàn rẹ, tí o kò sì ní máìkì tìrẹ, bó bá ṣe wù ú ni yóò ṣe sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ̀ ọ́n náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igba mítà péré ló sá.

Ẹ̀kọ́ láti orí pápá ẹṣin

Lórí pápá ẹṣin ni iṣẹ́ akéde eré ìje ti gbilẹ̀ jù láyé. Àwa náà ní tiwa rí. Ibi tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square ní Èkó lónìí, Race Course ni wọ́n ń pè é láyé ìjọba amúnisìn, ẹṣin ló ń sáré níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè fún òmìnira ní 1960, kó tó di pé wọ́n sọ ọ́ di gbàgede ní 1972. Àwọn ère ẹṣin funfun tó wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣì ń rán wa létí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1927 ni BBC kọ́kọ́ gbé eré ẹṣin Grand National sórí rédíò láti pápá Aintree nítòsí Liverpool. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1967, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn akéde ṣì ń fi kọ́ ara wọn títí dòní. Nígbà tí àwọn ẹṣin dé ògiri ewéko kẹtàlélógún tí wọ́n ní láti fò, ẹṣin kan tí ẹni tó gùn ún ti jábọ́ sá dábùú ọ̀nà. Àwọn tó wà níwájú kọlù ara wọn. Àwọn kan ṣubú, àwọn kan yí padà, àwọn kan dúró gbagidi. Ẹṣin kan tó ti wà lẹ́yìn tipẹ́, Foinavon, rí àlàfo, ó fò ó, ó sì ń lọ ní òun nìkan. Kò sí ẹni tó ka ẹṣin yìí sí. Ẹni tó bá fi pọ́ùn kan ta tẹ́tẹ́ lé e yóò jẹ ọgọ́rùn-ún.

Michael O'Hehir, ará Ireland, ló wà lórí máìkì BBC níbẹ̀. Nínú gbogbo rúdurùdu yẹn, ó dá Foinavon mọ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ti lọ bá àwọn agẹṣin níbi tí wọ́n ti ń múra, ó sì ti wo àwọ̀ aṣọ oníkálùkù. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: kí ìbọn tó dún ni akéde gidi ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ ẹni tó ṣeé ṣe kó gbégbá orókè nìkan kò tó. Ẹni tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí o mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tó bá bọ́ síwájú, kò ní sí àyè láti béèrè mọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti Amẹ́ríkà. Clem McCarthy jẹ́ gbajúgbajà akéde lórí rédíò, òun ló kéde ìjà Joe Louis àti Max Schmeling ní 1938. Ní 1947, níbi eré ẹṣin Preakness ní Baltimore, àwọn èrò tó dúró sórí pèpéle kan láàárín pápá dí i lójú. Nígbà tí àwọn ẹṣin tún yọ, ó rò pé Jet Pilot ló wà níwájú, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé òun ló borí. Faultless ló borí. Bí McCarthy ti mọ̀, ó sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ pé òun ṣìṣe.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Síbẹ̀, McCarthy kò fi ẹyin tó fọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn wá gbá a. Ojú ọ̀gá ń ṣì í, àmọ́ àtúnṣe rẹ̀ jáde láti inú máìkì kan náà tí àṣìṣe ti jáde. Ẹ fi èyí wé "A ti kọ ọ́ sílẹ̀" tí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ohun kan náà ló dí àwọn méjèèjì lójú, èrò tó dúró níwájú. Ohun tí oníkálùkù ṣe lẹ́yìn náà ló yàtọ̀.

Ọmọ Òde-Lemo ní Atlanta

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ní May 12, 1968 ni wọ́n bí Falilat Ògúnkọ́yà sí Òde-Lemo, ìlú kan ní Rẹ́mọ. Ní July 29, 1996, ó dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn méje mìíràn ní Atlanta, fún àṣekágbá eré irínwó mítà àwọn obìnrin nínú Òlíḿpíìkì. Fatima Yusuf, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, wà nínú àwọn mẹ́jọ náà.

Eré irínwó mítà ṣòro láti kéde, nítorí ó máa ń tan ojú jẹ. Àwọn tó wà ní ìlà òde kì í bẹ̀rẹ̀ níbi kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà ní ìlà inú, torí pé ìlà òde gùn jù ú lọ. Ẹni tó wà ní ìlà kẹjọ á fi ohun tó lé ní àádọ́ta mítà ṣíwájú ẹni ti ìlà kìíní kí ìbọn tó dún. Akéde tí kò mọ èyí á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ẹni ìlà kẹjọ ló ń léwájú, nígbà tó jẹ́ pé ó lè jẹ́ òun ló wà lẹ́yìn pátápátá. Bí wọ́n bá yọ sí ọ̀nà tààrà tó kẹ́yìn ni òtítọ́ máa ń fojú hàn. Nítorí náà, akéde tó mọṣẹ́ á rọra bẹ̀rẹ̀. Á sọ bí oníkálùkù ṣe ń gbẹ́sẹ̀, á fi ohùn rẹ̀ pamọ́ de ọgọ́rùn-ún mítà tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ohùn rẹ̀ jó níbi ìbẹ̀rẹ̀, kí ni yóò fi kéde ìparí?

Marie-José Pérec láti ilẹ̀ Faransé ló borí lọ́jọ́ náà ní 48.25. Cathy Freeman láti Ọsirélíà ṣe ìkejì ní 48.63. Ẹni kẹta ni Falilat Ògúnkọ́yà, 49.10. Pérec ló gba wúrà ọdún 1992, nítorí náà, bí gbogbo ojú bá wà lára rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí yóò sọnù bí akéde bá gbé máìkì sílẹ̀ ní kété tí ẹni àkọ́kọ́ já okùn. 49.10 yẹn ni eré irínwó mítà tó yá jù tí obìnrin kankan tíì sá fún Áfíríkà títí di ọjọ́ náà.  Ipò kẹta ni ìtàn tó tóbi jù fún wa wà, ọmọ Rẹ́mọ ló sì ni ín.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, òun náà ni wọ́n fi ìparí eré ìgbápá ìgbà mẹ́rin irínwó mítà lé lọ́wọ́, lẹ́yìn Bísí Afọlábí, Fatima Yusuf àti Charity Opara. Amẹ́ríkà ṣe 3:20.91, Nàìjíríà ṣe 3:21.04. Ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan ló wà láàárín wúrà àti fàdákà. Ojú lásán kò tó irú èyí. Nínú Òlíḿpíìkì kan náà, Gail Devers àti Merlene Ottey jọ ṣe 10.94 nínú ọgọ́rùn-ún mítà. Àwòrán ni wọ́n fi mọ̀ pé Devers ló ṣíwájú. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dára jù lẹ́nu akéde ni pé, "Ẹ ní sùúrù, wọ́n ń wò ó." Kò dùn bí ariwo, àmọ́ kì í gba ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Oríkì lórí máìkì

Bí mo bá dúró síbi sísọ òótọ́, ẹ lè rò pé akígbe nìkan ni mò ń wá, pé mo ti gbàgbé onílù. Rárá o. Ernest Okonkwo ti Radio Nigeria kò sọ Yorùbá lórí máìkì, àmọ́ oríkì ló ń kì. Òun ni wọ́n gbà pé ó sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ẹ̀gbá, ní "Mathematical", tó sọ Adokie Amiesimaka, tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ní "Chief Justice", tó sì sọ Christian Chukwu, balógun ikọ̀, ní "Chairman". Ní March 22, 1980, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Súrùlérè láti gba ife Áfíríkà. Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sílé, Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta. Àwọn bàbá wa tí kò sí ní pápá lọ́jọ́ náà ṣì ń pe àwọn orúkọ wọ̀nyẹn bí ẹni pé àwọn ló sọ wọ́n lórúkọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Okonkwo wo ẹsẹ̀ Ọdẹ́gbàmí kó tó fún un lórúkọ. Ìyìn náà ti ara ohun tó rí jáde. Ibẹ̀ ni akígbe àti onílù ti pàdé. Ìyìn tí kò ní ẹ̀rí, ariwo ọjà ni. Òótọ́ tí kò sì ní adùn, ẹni tó wà nílé kò ní rántí rẹ̀ tó bá di ọ̀la.

Ta ni yóò mú máìkì?

Pápá kò wọ́n wa ní Rẹ́mọ. Gateway Stadium wà ní Ṣàgámù. Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé Remo Stars, tí wọ́n gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà 2024/25. Ìpínlẹ̀ Ògùn gba àlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní 2006, ó sì tún gbà á ní May 2025. Àwọn ọmọ tó ń sáré kò sì wọ́n wa. Ẹni tó ṣe 49.10 kò wá láti ibi jíjìn. Ohun tó wọ́n ni ẹni tí yóò fi ojú akígbe wò wọ́n, tí yóò sì fi ẹnu onílù sọ̀rọ̀ wọn, ní Yorùbá tí ìyá ọmọ tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì máa gbọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, àwa ni wọ́n sábà máa ń na máìkì sí níbi irú eré báyìí. "Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, bọ́ síbí." Bó bá kàn yín, ẹ má jókòó sábẹ́ àgọ́ àlejò. Ẹ lọ síbi ìparí eré. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó fẹ́ sáré sílẹ̀ kí wọ́n tó dúró sórí ìlà, ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà. Ẹ má kéde ohun tí ẹ kò rí. Ẹ pe ẹni kẹta, ẹ pe ẹni tó kẹ́yìn náà tó bá parí eré rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣìṣe, ẹ fi máìkì yẹn kan náà tún un ṣe kí akọ̀wé tó pa ìwé dé.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kí n tó kọ àpilẹ̀kọ yìí, mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀ eré ọjọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé mo ti gbàgbé. Ó ní kí n má dárúkọ òun, mo sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo wà níbi okùn lọ́jọ́ náà. Ilé yẹ́lò ló ṣe ipò kejì.